Ìwé Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀: Ti Ọlọ́pàá Ni, Tàbí Ti Ẹni Tí Ọkọ̀ Gbá?

Ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Bouaké, ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àti fún àwọn ará ilé



Ìwé kékeré kan wà tí òfin ní kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù rà kí ó tó gbé e jáde sí títì. Ní Bouaké, bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ tí ń fi alùpùpù ru èrò léèrè pé kí ni ìwé náà wà fún, èsì tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ti ọlọ́pàá ni.” Bí ẹ bá bi awakọ̀ dáńfó ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ kò ní í gbọ́ ohun tí ó yàtọ̀ púpọ̀. Èsì yìí gan-an ni ó fa ọ̀rọ̀ òní, nítorí pé irọ́ ni. Ọlọ́pàá kò ní ìpín kankan nínú ìwé náà ju kí ó wò ó kí ó sì dá a padà. Ẹni tí ó ni ín gan-an kì í sábà mọ̀ pé ó wà: ìyá tí ń re ọjà, ọmọ ilé-ìwé tí ń sọdá títì, èrò tí ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù ẹlòmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ni ìwé kò bá mọ̀ pé òun ni òun ni ín, kò sí òfin náà tí ìjọba lè ṣe tí yóò mú kí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ìnṣọ́ránsì, tí àwọn akọ̀wé ń pè ní adójútòfò, kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá bí a bá tú u palẹ̀. Èsúsú ni, ṣùgbọ́n èsúsú tí ó ní ìyàtọ̀ kan. Nínú èsúsú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ẹni mẹ́wàá dá owó, olúkúlùkù sì mọ̀ pé bí ó pẹ́ bí ó yá, òun náà yóò kó. Nínú ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí òfin mú ní dandan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́kọ̀ dá owó sínú àpò kan, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kó o kò sí lára àwọn tí ó dá a. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ni ó ń kó o. Ọlọ́kọ̀ ni ẹni kìíní; ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó ni ẹni kejì; ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ ni ẹni kẹta. Nítorí ẹni kẹta yìí nìkan ni òfin ṣe sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, kì í ṣe nítorí ọkọ̀ ẹni tí ó ra ìwé. Bí ọkọ̀ tirẹ̀ bá fọ́, òun ni yóò tún un ṣe.

Ibí yìí ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fi tayọ̀tayọ̀ dá èsúsú tí òun kò ní í kó? Oníṣòwò tí ń ka owó rẹ̀ ní sísì àti kọ́bọ̀ yóò wò ó pé òun da owó sínú odò ni. A kò lè bá a jà lórí èyí, nítorí pé bí ẹni ra ọjà tí kò rí ni. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ohun méjì. Bí kò bá ní ìnṣọ́ránsì tí ó sì ṣẹ́ ènìyàn ní itan, ilé àti ọkọ̀ rẹ̀ lè wọ inú gbèsè náà. Èkejì sì ni pé, bí òun ti jẹ́ ọlọ́kọ̀ ní títì, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni kẹta sí gbogbo ọkọ̀ ìyókù tí ń bẹ ní ìlú.

Òfin náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1930 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọlọ́kọ̀. Wọ́n rí i pé adájọ́ lè dá ẹjọ́ kí ẹni tí a gbá jàre, ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní owó lọ́wọ́, ìwé ìdájọ́ kò ṣe é sè jẹ. Ìjọba amúnisìn gbé irú òfin kan náà kalẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1945. Ilẹ̀ Gánà ṣe tirẹ̀ ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Ní 1958 kan náà ni ilẹ̀ Faransé, tí ó jẹ́ ọ̀gá Côte d'Ivoire nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin mú un ní dandan ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Lónìí, òfin tí Côte d'Ivoire ń tẹ̀lé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan tí ń sọ èdè Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Cameroon, pé kí àwọn ní òfin ìnṣọ́ránsì kan ṣoṣo. CIMA ni orúkọ àjọ náà. Òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1995, orílẹ̀-èdè 14 ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀, Benin àti Togo pẹ̀lú. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, lábẹ́ òfin kan náà ni ó wà pẹ̀lú ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Bouaké.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ kan. Nígbà tí òfin ìnṣọ́ránsì dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1930, ìjọba ibẹ̀ ti ń kọ nọ́ḿbà gbogbo ọkọ̀ sínú ìwé láti ìgbà òfin ọdún 1903. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, a lè fi nọ́ḿbà rẹ̀ mọ ilé ẹni tí ó ni ín. Kóòtù wà, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti gbó nínú iṣẹ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ń gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ ilé lé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, a sì ń wá ògiri tí a óò gbé e lé láti ìgbà náà.

Kò sí ìlú tí ó fi èyí hàn kedere tó Bouaké. Ìlú náà wà ní ilẹ̀ àwọn Baule, nǹkan bí 350 kìlómítà sí ìhà àríwá Abidjan. Ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, ọjà sì tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń pè ní Ànàgó, wà lára àwọn tí òwò gbé wọ orílẹ̀-èdè náà láti Èjìgbò, láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn. Ìlú ọ̀nà ni Bouaké: ẹrù tí ó ń ti Abidjan lọ sí Burkina Faso àti Mali ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ọkọ̀ kò wọ́n níbẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bouaké bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì di olú ìlú fún wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007, wọ́n sì dáná sun ohun ìjà ní gbangba ní Bouaké ní oṣù Keje ọdún náà, ṣùgbọ́n ó di 2011 kí ìjọba kan ṣoṣo tó jókòó dáadáa lórí gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ilé ìfowópamọ́ ti ilẹ̀kùn, adájọ́ kó lọ, ọlọ́pàá ìjọba kó lọ. Ọkọ̀ àti alùpùpù ń wọlé láti ẹnubodè àríwá láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù fún ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní nọ́ḿbà tí ìwé ìjọba mọ̀. Àkókò yìí gan-an ni alùpùpù tí ń ru èrò gbilẹ̀ ní ìlú náà. Àwọn ọkọ̀ akérò dín kù, àwọn ọ̀dọ́ tí ogun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn sì ní láti jẹun. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni èyí: ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò pa òfin ìnṣọ́ránsì rẹ́.  Dandan ni ó jẹ́ ní Bouaké ní 2004 gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ dandan ní Abidjan. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí alùpùpù tí kò ní nọ́ḿbà gbá yóò fi òfin náà ṣe? Ọlọ́pàá wo ni yóò kọ ìròyìn ìjàǹbá? Kóòtù wo ni yóò gbé e lọ? Bí ẹbí ẹni tí ó gbá a bá jẹ́ ènìyàn rere, wọn yóò wá bẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì ra oògùn. Bí wọn kò bá jẹ́ ènìyàn rere, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣòfin ní Nàìjíríà àti ní Gánà, tí ogun kò lé ọlọ́pàá wọn lọ, kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìnṣọ́ránsì kì í dá dúró. Ó so mọ́ nọ́ḿbà ọkọ̀, nọ́ḿbà so mọ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé so mọ́ ọlọ́pàá tí ó lè kàwé tí kò sì gba rìbá, ọlọ́pàá so mọ́ kóòtù, kóòtù so mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ní owó ní tòótọ́. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù di okùn tí kò so nǹkan kan. Nígbà tí ìjọba padà sí Bouaké, iṣẹ́ tí ó ṣòro jù kì í ṣe kí a sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ra ìnṣọ́ránsì. Bí a óò ti mọ ẹni tí ó ni alùpùpù wo ni.

Ogun ti lọ, ìṣòro kò lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́ tí ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun ni ó ni ín. Ọ̀gá kan ni ó rà á, ọ̀dọ́ náà sì ń san iye kan fún un ní ojoojúmọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo ni tirẹ̀. Ta ni yóò san owó ìnṣọ́ránsì? Ọ̀gá ní kí ẹni tí ń gùn ún san án. Ẹni tí ń gùn ún ní kí ọ̀gá san án. Owó náà sì le ju ti alùpùpù ilé lọ, nítorí pé ẹni tí ń ru èrò láti òwúrọ̀ di òru súnmọ́ ìjàǹbá ju ẹni tí ń gùn ún lọ sí oko. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń lọ ra ìwé alùpùpù ilé tí wọ́n sì ń fi í ru èrò. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ọlọ́pàá yóò wò ó, yóò sì ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ tí èrò bá ṣubú ni ilé-iṣẹ́ yóò sọ pé, “Kì í ṣe alùpùpù akérò ni a ta ìwé fún,” tí àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ó wà ní orí ibùsùn.

Àwọn kan tilẹ̀ ń ra ayédèrú. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ dán ju ti òtítọ́ lọ, wà ní ọjà láti Èkó dé Abidjan. Ẹni tí ó bá gbà gbọ́ pé ìwé ọlọ́pàá ni kò ní ìdí kan tí kò fi ní í ra ayédèrú, nítorí pé ayédèrú ń ṣe iṣẹ́ tí òun fẹ́ kí ó ṣe: ó ń mú kí ọlọ́pàá jẹ́ kí òun kọjá. Gbogbo ẹ̀tàn tí ó wà nínú ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, láti inú ìgbàgbọ́ kan yìí ni ó ti ń hù jáde.

Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Bouaké. Ní ìrọ̀lẹ́ ó gun alùpùpù, ó ń lọ sí ilé ní Belleville. Ọkọ̀ kan já wọn lu ní ìkóríta, itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá dẹ́rẹ́bà ti dé, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò dẹ́rẹ́bà mú owó díẹ̀ wá fún oògùn. Àwọn àgbà ìlú ti dé pẹ̀lú. “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó tán sí ibí. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ọlọ́run ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ìyá náà dárí jì í, wọ́n tẹ ìka sí ìwé kan, gbogbo ènìyàn ṣe àmín, wọ́n sì lọ sí ilé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò lè rìn dé ọjà. Ìsọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní ilé-ìwé. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà kò gbọ́ ohun kan. Nínú ìwé tirẹ̀, ìjàǹbá kankan kò ṣẹlẹ̀.

Ìwà tí ó dára ni ẹ̀bẹ̀, ìdáríjì sì jẹ́ ohun tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ jọ ń yìn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a fi ọmọkùnrin aláìní sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ọkọ̀ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí a dárí ji dẹ́rẹ́bà àti kí a dárí ji ilé-iṣẹ́ tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Owó gbà-máà-bínú tí òfin là sílẹ̀ kò ní í ti àpò dẹ́rẹ́bà jáde. A ti san án. Ní ọjọ́ tí ó ra ìwé ni ó ti san án, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ dá èsúsú náà. Nígbà tí ìyá aláṣọ ní òun ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ilé-iṣẹ́ ni ó fi í sílẹ̀ fún. Bí dẹ́rẹ́bà bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ jáde kí ó sọ pé, “Ìyá, ẹ wò ó, ilé-iṣẹ́ yìí ni kí ẹ lọ.” Ìwé àdéhùn tí a tẹ ìka sí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn sì léwu: ó lè jẹ́ òun ni ilé-iṣẹ́ yóò mú jáde lọ́jọ́ iwájú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tí òfin CIMA sọ fún ìyá náà kò kéré. Bí ènìyàn bá fara gbọgbẹ́, ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mú iye owó kan wá síwájú rẹ̀ láàárín oṣù 12 láti ọjọ́ ìjàǹbá. Bí ẹni náà bá kú, láàárín oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni kí wọ́n mú un wá fún àwọn tí ó fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó tí ilé-iṣẹ́ wá ń fi ìsanwó falẹ̀ kọjá ìgbà tí òfin dá, èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò máa gorí rẹ̀ lóṣooṣù. Òfin tí ó ní eyín ni. Àìsí ẹni tí yóò yà á ní ẹnu ni ó jẹ́ kí ó dà bí òfin arúgbó.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí òfin náà kò ti bá ìgbésí ayé wa mu. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ pàdánù, ìwé owó oṣù ni wọ́n ń béèrè. Akọ̀wé ìjọba ní i. Ìyá aláṣọ kò ní i. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé hàn, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀ ni wọn yóò fi ka tirẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, 60,000 owó sẹ́fà ni fún ọdún púpọ̀, ó sì di 75,000 ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Obìnrin tí ń rà tí ń tà, tí ó ń pa iye yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò wá bá ara rẹ̀ ní ipò ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́. Ìwé tí ènìyàn ń kọ ọjà rẹ̀ sí, owó tí ó ń fi sí ilé ìfowópamọ́, rìsíìtì owó orí ọjà tí ọ̀pọ̀ ń fi di ẹ̀pà: ọjọ́ kan lè wà tí ìwọ̀nyí yóò di ẹ̀rí.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń ta ìwé ní àwìn. Àwọn alágbàtà ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, wọn kò sì ń kó o dé ilé-iṣẹ́ ní kánmọ́. Ẹni tí ọkọ̀ gbá yóò dé, wọn yóò ní owó kò sí. Òótọ́ sì ni, kò sí lóòótọ́, nítorí pé nínú ìwé nìkan ni owó náà wà. Òògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé. Ní 2011 ni CIMA tún òfin ṣe pé bí a kò bá san owó, ìnṣọ́ránsì kò bẹ̀rẹ̀. Ariwo pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ó dára ni. Fún ẹni tí ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì gbá, tàbí tí ọkọ̀ gbá tí ó sá lọ, Côte d'Ivoire ní àpò owó kan tí wọ́n ń pè ní Fonds de Garantie Automobile. Kí gbogbo ẹni tí ń bẹ níbí há orúkọ náà sórí, nítorí pé ní ìlú alùpùpù bíi Bouaké, àwọn tí yóò nílò rẹ̀ kò ní í ṣọ̀wọ́n.

Àwọn kan ń béèrè pé, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò rọrùn ju kí a máa lé ọlọ́kọ̀ kiri? Ilẹ̀ South Africa gbìyànjú ọ̀kan. Wọ́n fi owó náà sórí epo bẹntiróòlù: gbogbo ẹni tí ó bá ra epo ti dá owó sínú àpò tí ń sanwó fún àwọn tí ọkọ̀ gbá, kò sí ìwé tí a ń béèrè, kò sí ayédèrú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àpò náà ti wà nínú gbèsè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ń dúró, àwọn lọ́yà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ní ìhà tiwa yìí, epo tí ń gba ẹ̀yìn igbó wọlé pọ̀; ẹ rántí epo inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Kútọnu. Owó orí wo ni ẹ óò rí gbà lórí epo tí ìjọba kò rí?

Èyí tí ó ní ìrètí jù ni kí ìwé fúnra rẹ̀ máa dín kù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ sí ojú kan lórí kọ̀ǹpútà, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ wò ó bóyá nọ́ḿbà ọkọ̀ kan ní ìnṣọ́ránsì. Nàìjíríà ní irú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé-iṣẹ́ Côte d'Ivoire náà ti gba ọ̀nà ìwé orí ẹ̀rọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni ni, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Ní ọjọ́ tí èrò bá lè fi fóònù wo nọ́ḿbà alùpùpù kí ó tó gùn ún, ìwé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé. Ní 2023, Nàìjíríà gbé owó ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta fún ọkọ̀ ilé láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì gbé iye tí wọ́n lè san lórí dúkìá ẹni tí ọkọ̀ bà jẹ́ sí ₦3,000,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá jáde káàkiri orílẹ̀-èdè láti mú ẹni tí kò ní i. Òpò àwọn ènìyàn kùn pé ọ̀nà owó mìíràn ni. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìní ìdí, nítorí pé ibi tí ọlọ́pàá bá dúró sí tí ó ń béèrè ìwé, gbogbo ayé mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣọ̀wọ́n nínú gbogbo ariwo náà: ènìyàn mélòó ni ìnṣọ́ránsì wọ̀nyí ti sanwó fún? Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ní ilé tàbí ní àjò, kí ẹ má ṣe bi í pé ọkọ̀ mélòó ni wọ́n mú. Ẹ bi í pé opó mélòó ni ó ti gba owó, àti pé ó tó ìgbà wo kí ó tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún àwọn tí ń rin ìrìn-àjò láti Èjìgbò dé Abidjan títí dé Bouaké. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ọkọ̀ náà ń fẹsẹ̀ kàn: Nàìjíríà, Benin, Togo, Gánà, Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kútọnu, tí ó bí Brown Card. Ọkọ̀ tí ó bá ní káàdì yìí, bí ó bá gbá ènìyàn ní ìlú òkèèrè, ọ́fíìsì káàdì náà ní ìlú tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni yóò bójú tó o, gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú náà. Kì í ṣe ìwé ọlọ́kọ̀ nìkan. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá bú yín, ẹ wọ òmíràn.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ń bẹ ní Bouaké, tí ń sin òkú ara wọn tí wọ́n sì ń kó owó jọ fún aláìsàn, lè ṣe ohun kan tí kò ní í ná wọn ní owó púpọ̀. Kí wọ́n yan ẹni méjì tí ó gbọ́ èdè Faransé dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbá ọmọ ẹgbẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn dé ibẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ tó dé, tàbí kí ó bá wọn dé pọ̀. Kí ó kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti nọ́ḿbà tí ó wà lára ìwé rẹ̀, kí ó gba orúkọ ẹni méjì tí ó rí i bí ó ti ṣẹlẹ̀. Kí ó rí i pé ọlọ́pàá kọ ìròyìn ìjàǹbá, kí ó sì béèrè nọ́ḿbà ìròyìn náà. Kí ó kó gbogbo ìwé dókítà àti rìsíìtì oògùn pa mọ́, kí aláìsàn má sì ṣe tẹ ìka sí ìwé kankan kí ẹgbẹ́ tó kà á fún un ní èdè tí ó gbọ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ dẹ́rẹ́bà, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Kí wọ́n kọ ọjọ́ ìjàǹbá sí òkè lẹ́tà náà, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni oṣù 12 ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.